Orí Kẹfà: Káàdì Gíráfíìkì fún Kọ̀ǹpútà Tó Ti Pẹ́, àti Iná Tí Yóò Gbé E

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà lọ́jà tokunbọ̀ wa, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún. Iléeṣẹ́ kan nílùú òyìnbó á ra ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á lò ó fún ọdún bíi mẹ́rin sí márùn-ún, á wá kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti fi tuntun rọ́pò. Èyí tí wọ́n kó kúrò nílẹ̀ yẹn ni kọ̀ǹténà ń gbé dé Èkó. Dell OptiPlex 7010, tó jáde lọ́dún 2012, àti 9020, tó tẹ̀lé e lọ́dún 2013, jẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí, nítorí pé wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀ lọ́nà tó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí gbèsè.

Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń ṣírò owó, tó ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó jókòó tì í, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya àwòrán ilé ní Blender, tàbí ọmọ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Kíá ni àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á máa dúró, á máa lọ. Ìdí ni pé wọn kò fi káàdì gíráfíìkì sínú rẹ̀ láti ilé. Ó ṣeé fi sí i lónìí, iṣẹ́ náà kò sì le. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é kò tọ́: wọ́n á kọ́kọ́ ra káàdì, wọ́n á gbé e délé, ìgbà náà ni wọ́n á wá béèrè bóyá iná inú ẹ̀rọ á gbé e. Àwa yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ iná.

Ohun tí káàdì gíráfíìkì ń ṣe

Ojú mọ́nítọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ní àmì tín-ín-tìn-ín 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 2,073,600 ni wọ́n jẹ́, mọ́nítọ̀ náà sì ń tún gbogbo wọn yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò pinnu àwọ̀ àmì tó lé ní mílíọ̀nù 124 kí ìṣẹ́jú àáyá yẹn tó kọjá. Pùrósẹ́sọ̀ Core i5-3470 tó máa ń wà nínú OptiPlex 7010 ní kọ́ọ̀ 4 péré. Alágbára ni wọ́n, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n. Káàdì NVIDIA GTX 1050 Ti, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ní kọ́ọ̀ kéékèèké 768. Kò sí èyí tó lè bá kọ́ọ̀ pùrósẹ́sọ̀ figa gbága nínú wọn, àmọ́ iṣẹ́ àwòrán ṣeé pín wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí oníkálukú mú tirẹ̀.

Òótọ́ ni pé Intel fi ohun tó ń ya àwòrán sínú pùrósẹ́sọ̀ náà fúnra rẹ̀. HD Graphics 2500 ni wọ́n ń pe ti i5-3470. Kò lágbára, kò sì ní mẹ́mórì tirẹ̀. Ara RAM tí gbogbo ẹ̀rọ ń lò ló ti ń yá. Káàdì tó dá dúró ń gbé mẹ́mórì tirẹ̀ wá. Ti GTX 1050 Ti jẹ́ 4GB.

Ihò tí káàdì ń wọ̀

Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ wá ihò tó gùn jù lọ nínú àwọn ihò tó tò sí ìsàlẹ̀. PCI Express x16 ni. PCI lásán, tó dé lọ́dún 1992, àti AGP, tó dé ní 1997, ló ṣáájú rẹ̀. Bí AGP lẹ bá bá nínú ẹ̀rọ yín, ẹ má wulẹ̀ da owó sí i. Ọdún 2003 ni PCI Express dé, ó sì ń yára sí i láti ìran dé ìran. Ọ̀nà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ń gbé nǹkan bíi 250MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ìran kìíní, 500MB nínú ìran kejì, àti 985MB nínú ìran kẹta. Ihò x16 ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ 16.

Káàdì tuntun ń bá ihò àtijọ́ ṣiṣẹ́, káàdì àtijọ́ náà ń bá ihò tuntun ṣiṣẹ́. Ìran tó kéré nínú méjèèjì ni wọn yóò jọ lò. Èyí dára, ṣùgbọ́n ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn òǹtajà kì í sọ. AMD Radeon RX 6400 jáde lọ́dún 2022, wáàtì 53 péré ló ń jẹ, ó sì dà bí ẹni pé ẹ̀rọ bíi tiwa ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀nà 4 péré ló ń lò nínú 16. Nínú ẹ̀rọ òde òní tó ní ìran kẹrin, ọ̀nà mẹ́rin yẹn tó o. Nínú OptiPlex 9020, tó jẹ́ ìran kẹta, ìdajì ìyára yẹn ló kù fún un. Bí ìran kejì bá ni ẹ̀rọ náà, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ló kù. GTX 1650, tó ti wà láti 2019, ń lo ọ̀nà 16 pé pérépéré. Fún kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, èmi yóò mú 1650 kí n tó mú 6400, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù.

Ihò yìí kì í gbé ìsọfúnni nìkan. Ó ń gbé iná fún káàdì pẹ̀lú, èyí tí kò gbọdọ̀ ju wáàtì 75 lọ. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí òun ló pín káàdì gíráfíìkì sí ọ̀nà méjì. Káàdì tí kò jẹ ju 75 lọ, bíi GTX 1050 Ti àti GTX 1650 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lè jẹun láti inú ihò nìkan. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ẹnu kan létí rẹ̀ tí wáyà tààrà láti inú páwà páàkì yóò wọ̀: ẹnu oní-píìnì 6 ń gbé wáàtì 75 sí i, oní-píìnì 8 ń gbé 150.

Páwà páàkì àti lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀

Páwà páàkì ni àpótí irin tí wáyà iná ń wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Iná 230 fóòtì tó ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń gbà lára ògiri, ó sì ń sọ ọ́ di iná tí kì í yí padà, ní oríṣi mẹ́ta: 12 fóòtì, 5 fóòtì àti 3.3 fóòtì. Pùrósẹ́sọ̀ àti káàdì gíráfíìkì, ọ̀dọ̀ 12 fóòtì ni wọ́n ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé páwà páàkì kan jẹ́ wáàtì 500, kò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Mélòó nínú 500 yẹn ló wà lórí 12 fóòtì?

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé páwà páàkì yìí á gbé káàdì yẹn?”

“Á gbé e dáadáa, àǹtí. Ẹ ò rí 500 tí wọ́n kọ sí i lára ni?”

“Mo rí i. Áńpù mélòó ló wà lórí 12 fóòtì?”

“Ẹ̀ẹ̀n? Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo àwọn kọ́sítọ́mà mi ló ń lò ó.”

Kò sí irọ́ nínú ohun tí ọ̀gá yìí sọ, kò sì sí ìdáhùn níbẹ̀. Ara lébẹ́ẹ̀lì ni ìdáhùn wà. Ẹ yí páwà páàkì sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó rí tábìlì kékeré tí wọ́n kọ +3.3V, +5V, +12V sí lókè, àti áńpù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé sí abẹ́ rẹ̀. Fóòtì lọ́nà áńpù ni wáàtì. Ká ní wọ́n kọ 38A sí abẹ́ +12V, 12 lọ́nà 38 jẹ́ 456: nínú 500, 456 wà níbi tí káàdì yóò ti jẹun, ìyẹn dára. Ká ní 18A ló wà níbẹ̀, 216 péré ni, ìyókù tí wọ́n fi pé 500 wà lórí 5 fóòtì àti 3.3 fóòtì níbi tí káàdì kò ti nílò rẹ̀. Ìlànà àtijọ́ ni irú èyí, láti ìgbà tí pùrósẹ́sọ̀ ṣì ń jẹun lórí 5 fóòtì. Láti ọdún 2000 tí ìlànà ATX12V ti dé ni ẹrù ti ń kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí 12 fóòtì.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń tan gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n láìsí ariwo, ẹ fi àyọ́ọ̀nù sí i kí ẹ rí i. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí páwà páàkì tí ẹrù bá pọ̀ jù fún. Eléyìí tó dára á pa ara rẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà á kàn kú pii láàárín eré, á sì tún tàn. Èyí tí kò dára kò ní ohun tó ń dáàbò bò ó, ó lè jó, ó sì lè mú mọ́dábọ́ọ̀dù àti káàdì dání lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba páwà páàkì 275 tí Dell fi sínú 7010 gbọ́ ju 500 tí ẹ kò mọ ilé tó ti wá, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bí agolo òfìfo.

Ẹ tún lè rí àmì 80 PLUS lára rẹ̀. Láti 2004 ni ètò yìí ti wà. Ohun tó ń sọ ni pé, bí páwà páàkì bá gba iná lára ògiri, ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé inú kọ̀ǹpútà. Ìyókù di ooru. Bronze ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, Gold sì tún ju Bronze lọ. Àmì náà kò sọ pé wáàtì pọ̀, kò sì sọ pé ẹ̀rọ náà kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí inú fẹtà rẹ̀ tàbí tánkì jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni owó ìdá 20 yẹn ti ń jáde mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú owó

Ẹ mú bírò. i5-3470 inú 7010 lè jẹ tó wáàtì 77. Fún mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, fáànù àti háàdì dísìkì, ẹ fi 50 sílẹ̀. Ó tó, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ pàápàá. Ìyẹn jẹ́ 127 kí káàdì kankan tó wọlé.

GTX 1050 Ti ń jẹ 75. Àpapọ̀ rẹ̀ di 202. Páwà páàkì 275 tó bá ẹ̀rọ náà wá yóò gbé e, yóò sì kù díẹ̀ fún un láti mí. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ra páwà páàkì tuntun ṣe níbí, bí ti àtijọ́ bá ṣì dára.

GTX 1060 ń jẹ 120, ó sì béèrè ẹnu oní-píìnì 6. Àpapọ̀ 247. Lórí ìwé, 247 kò tó 275, ibẹ̀ sì ni ẹlòmíràn ti máa ń ṣubú. Páwà páàkì náà ti lo ọdún mẹ́wàá, eruku ti bò ó, kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ti rẹ̀; kò yẹ ká máa fi ìdá 90 ẹrù lé e lórí. Káàdì gíráfíìkì pẹ̀lú máa ń fò sókè ju iye tí wọ́n kọ fún un lọ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó padà sílẹ̀. Ó sì kù síbẹ̀ pé kò sí wáyà oní-píìnì 6 lára páwà páàkì yẹn rárá.

AMD RX 580, tó jáde ní oṣù kẹrin 2017, ń jẹ 185. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 312. Níbí, ọ̀rọ̀ ti tán: ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ páwà páàkì. Kí ẹ má bàa ra èyí tó kéré, ẹ pín àpapọ̀ yín sí 0.7. 312 pín sí 0.7 jẹ́ 446. Nítorí náà 450 ni ó kéré jù, 500 ló fi ọkàn balẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe ìṣirò yìí, káàdì tí ẹ lè rà ti fara hàn fúnra rẹ̀.

7010 àti 9020: ìbejì tí kì í lo aṣọ kan náà

Ẹ gbé àwọn méjèèjì síra. Àpótí dúdú, orúkọ Dell níwájú, gíga kan náà. Ẹ ṣí wọn. Nínú 7010 onílé gíga, tí Dell ń pè ní MT, wáyà tó ń gbé iná wọ mọ́dábọ́ọ̀dù ní píìnì 24, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ATX tí gbogbo ayé ń lò ti wí. Páwà páàkì ATX èyíkéyìí tó dára tí ẹ bá rà lọ́jà yóò wọ̀ ọ́.

Nínú 9020 MT, píìnì 8 ló wà níbẹ̀. Dell yí i padà. Páwà páàkì 290 tó bá a wá ń fi 12 fóòtì nìkan ránṣẹ́, mọ́dábọ́ọ̀dù ló wá ń fi ìyẹn ṣe 5 fóòtì àti 3.3 fóòtì, kódà, ara mọ́dábọ́ọ̀dù ni háàdì dísìkì ti ń gba iná. Bí ẹ bá gbé páwà páàkì oní-píìnì 24 dé, kò ní wọ̀. Wáyà àsopọ̀ wà tó ń sọ 24 di 8, tí wọ́n ṣe fún ìran OptiPlex yìí ní pàtó. Òun ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì dárúkọ nọ́ńbà ẹ̀rọ yín fún òǹtajà. HP náà ní tirẹ̀, kò sì bá ti Dell mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà kó so ó pọ̀ fún yín pẹ̀lú sẹ́lótéèpù.

Gbogbo èyí, àpótí gíga la ń sọ. Bí ó bá jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní SFF lẹ ní, páwà páàkì rẹ̀ kò ní ìrísí tí a ń rà lọ́jà, káàdì kúkúrú nìkan ló sì lè wọ inú rẹ̀. Ẹ dúró lórí káàdì kúkúrú tí kò ju wáàtì 75 lọ, kí ẹ sì gbàgbé ìyókù.

Iṣẹ́ gan-an

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Ẹ fi ọwọ́ kan irin àpótí náà kí ẹ tó kan ohunkóhun mìíràn. Ní ìgbà ọ̀yẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tí aṣọ ń ta pàrà-pàrà bí a bá ń bọ́ ọ, ara ènìyàn máa ń kó iná pamọ́. A kì í mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ó tó láti ba RAM tàbí káàdì jẹ́. Ẹ máa padà wá fọwọ́ kan irin náà lóòrèkóòrè.

Ẹ má ṣí páwà páàkì fúnra rẹ̀ láé, ti àtijọ́ tàbí tuntun. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ń tọ́jú iná tó lé ní 300 fóòtì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni.

Kí ẹ tó yọ wáyà kankan, ẹ fi fóònù ya fọ́tò inú ẹ̀rọ náà. Páwà páàkì àtijọ́ ní síkúrù 4 lẹ́yìn. Ẹ tú wọn, ẹ yọ ẹnu wáyà rẹ̀ gbogbo, ẹ gbé e jáde. Bí tuntun bá wọlé, ó ní wáyà kékeré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé: oní-píìnì 4 tó ń wọ ẹ̀gbẹ́ pùrósẹ́sọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, fáànù á yí, ojú mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn. Àwọn páwà páàkì kan ní wáyà tó ṣeé yọ kúrò lára wọn. Wáyà ti iléeṣẹ́ kan kò bá ti iléeṣẹ́ mìíràn mu, bí ẹnu wọn tilẹ̀ jọra. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn lè fi 12 fóòtì sí ibi tí háàdì dísìkì ti ń retí 5. Páwà páàkì tó bá ní ìyípadà pupa lẹ́yìn, ẹ rí i pé 230 ló wà. Bí 115 bá wà níbẹ̀ tí ẹ fi tan án nílé wa, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀.

Káàdì ló kù. Ẹ yọ irin pẹlẹbẹ tó dí ẹ̀yìn àpótí, ẹ di etí káàdì mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò x16 títí yóò fi dún ka, kí ẹ wá fi síkúrù dè é. Lẹ́yìn èyí ni wáyà oní-píìnì 6 tàbí 8. Wáyà oní-píìnì 8 méjì lè wà lára páwà páàkì, ọ̀kan fún pùrósẹ́sọ̀, ọ̀kan fún káàdì. Ipò iná àti ilẹ̀ nínú wọn lòdì síra wọn. Wọ́n gé ẹnu wọn kí wọ́n má bàa wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn, nítorí náà bí ó bá ń le, ẹ má fi agbára tì í.

Ohun kan wà lọ́jà tó ń jẹ́ àsopọ̀ SATA sí píìnì 6 tàbí 8. Wọ́n á ní kí ẹ fi wáyà háàdì dísìkì ṣe iná káàdì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹnu SATA ní píìnì 3 fún 12 fóòtì, áńpù 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, ìyẹn 4.5 lápapọ̀, lọ́nà 12, wáàtì 54. Ẹnu oní-píìnì 6 lè béèrè 75, oní-píìnì 8 lè béèrè 150. Gbígbóná ló máa ń gbóná, rọ́bà á yọ́, iná sì lè sọ. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á, kò yẹ kó wọ inú ilé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí ojú mọ́nítọ̀ kò sì fi nǹkan hàn, ibi tí ẹ ti so wáyà mọ́nítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó gbọ́dọ̀ kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù kó wá sí ara káàdì. Lórí èyí, mọ́nítọ̀ tokunbọ̀ tó ní VGA nìkan, oníbúlúù, kò ní rí ibi tó máa wọ̀ lára GTX 1050 Ti. DVI rẹ̀ pàápàá kì í gbé àwòrán irú VGA jáde mọ́. Ó nílò àsopọ̀ tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú, tó ń sọ DisplayPort tàbí HDMI di VGA. Àsopọ̀ oní-wáyà lásán kò lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò tàn rárá, páwà páàkì Dell ìgbà náà ní bọ́tìnì kékeré àti iná lẹ́yìn tí a fi ń dán an wò: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí iná náà tàn, páwà páàkì ṣì ń mí.

BIOS, díráfà àti Windows

Mọ́dábọ́ọ̀dù tó jáde ní 2012 lè má dá káàdì tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi káàdì sí i, ẹ gba BIOS tó kẹ́yìn fún ẹ̀rọ yín láti ojúlé Dell, kí ẹ sì fi sí i nígbà tí iná dúró dáadáa tàbí tí UPS wà. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ yìí, mọ́dábọ́ọ̀dù lè má jí mọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi káàdì sí i, ojúlé NVIDIA tàbí AMD ni kí ẹ ti gba díráfà. Ọ̀rọ̀ Windows ló ṣòro díẹ̀ lóde òní: Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba pùrósẹ́sọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Ìran kẹta ni ti i5-3470, ìran kẹrin ni ti 9020. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú ẹ̀rọ yìí pẹ́ lọ́wọ́ òun láìséwu, kí ó kọ́ Linux. A ó dé ibẹ̀ nínú orí kẹsàn-án.

Iná ilé

Wáàtì 312 tí a ṣírò fún RX 580, inú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Bí páwà páàkì bá ń fi ìdá 85 ránṣẹ́, ohun tí yóò gbà lára ògiri jẹ́ 312 pín sí 0.85, nǹkan bíi 367. Ẹ fi mọ́nítọ̀ oní-wáàtì 25 kún un, ó di 392. UPS tí wọ́n kọ 650VA sí lára kì í sábà gbé ju wáàtì 360 sí 390 lọ, nítorí VA àti wáàtì kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹni tó ra RX 580 láìro èyí á rí i pé ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, UPS rẹ̀ á ké, á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó mú GTX 1050 Ti, 202 pín sí 0.85, pẹ̀lú mọ́nítọ̀, kò ju 263 lọ. UPS kan náà á gbé e títí yóò fi tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí kò tọ́ sí i

Pùrósẹ́sọ̀ oní-kọ́ọ̀ 4 ti ọdún 2012 kò lè bọ́ káàdì ńlá. Bí ẹ bá ra káàdì tí owó rẹ̀ ju owó gbogbo ẹ̀rọ náà lọ, yóò máa jókòó retí pùrósẹ́sọ̀, ẹ ó sì ti san owó ìyára tí ẹ kò ní rí. Bí RAM bá jẹ́ 4GB, tí háàdì dísìkì onírin sì ṣì wà nínú rẹ̀, 8GB tàbí 16GB àti SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà; ẹni tó ń gé fídíò yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kí káàdì tó dé. Ní tèmi, ibi tí OptiPlex àtijọ́ yẹ kó dúró ni káàdì oní-wáàtì 75. Tó bá ti di pé ẹ fẹ́ ra RX 580, àti páwà páàkì, àti àsopọ̀, àti UPS tuntun, owó ẹ̀rọ mìíràn lẹ ń kó jọ yẹn.

Iṣẹ́ àmúrelé

Ẹ wá kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, ní ilé, ní ilé ìwé tàbí ní ilé ìjọsìn yín, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ kọ áńpù tó wà lórí +12V páwà páàkì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣírò wáàtì rẹ̀. Ẹ wá iye tí pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ ń jẹ. Ẹ sọ èyí tó lè gbé nínú GTX 1650, GTX 1060 àti RX 580, pẹ̀lú ìdí. Ẹ mú fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì náà wá sí kíláàsì. A kò ní gba ìdáhùn tó ní “á gbé e” tí kò ní nọ́ńbà.